Ọwọ́ Adènà

"Keziah Battle, ìbọ̀wọ́ mi dà?"

Keziah gbé fóònù jìnnà sí etí díẹ̀. Bí ìyá bàbá rẹ̀ bá ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ ìdílé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ijó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń bèèrè wà lórí itan rẹ̀, funfun báláú.

"Nánà, ẹ káàárọ̀ mà."

"Mi ò kí ọ. Ìbọ̀wọ́ ni mo bi ọ́. Èyí tí ìjọ fún mi nígbà tí mo pé ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mi ò bá a ńbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ló wà, mà."

Keziah gbọ́ tí ajá aládùúgbò ń gbó lọ́hùn-ún, ní ẹ̀yìn ilé àwọn ní Greensboro.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìdánwò mi ni lónìí, Nánà. Aago méjì."

"Ṣé mi ò ti sọ fún ọ pé rárá?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Nánà pa fóònù náà. Tierney, ọ̀rẹ́ Keziah tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, yí ojú sí i. Òun ti ṣe ìdánwò tirẹ̀ láàárọ̀, ó sì ti yege, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fẹ̀ fi wà lẹ́nu rẹ̀.

"Nánà ni àbí?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ó dáa, tètè máa sá lọ sí Kánádà báyìí. Mo máa sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Keziah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ẹ̀rù ń bà á.

Nánà ti ń ṣe adènà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi Mount Pisgah láti ọdún mọ́kànlélógójì. Òun ni olórí wọn. Ẹni tí kò bá mọ adènà lè rò pé wọ́n kàn ń fi ìjókòó han èèyàn ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi: aṣọ funfun, bàtà funfun, ẹ̀yìn tó nà gbọnrangandan. Àwọn ló ń pín abẹ̀bẹ̀, àwọn ló ń di ẹni tí Ẹ̀mí bá gbé mú kó má baà fi orí gbálẹ̀. Wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Ọwọ́ kan ń sọ pé àyè ẹni méjì kù níwájú. Òmíràn ń sọ pé àdúrà ń lọ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Òmíràn sì ń sọ pé ó ti rẹ̀ mí, ẹ wá gba ipò mi. Ọmọ ọdún méje ni Keziah nígbà tí Nánà kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, ó ń fi rúlà kékeré kan tún ìgúnpá rẹ̀ ṣe.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, àwọn olùkọ́ kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ara rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ó ń jó bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn ò tíì mọ ẹni tó ń jó. Wọ́n fún un ní àǹfààní kan péré sí i. Bí kò bá yege ní òpin ọdún kejì yìí, kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn kà. Yunifásítì ò ní lé e, ìyàrá ijó ni kò ní wọ̀ mọ́. Fún ọmọ tó ti ń jó láti ìgbà tó ti lè dúró, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Keziah ronú títí, ó rí i pé ọwọ́ àwọn adènà nìkan ni ohun tí òun ní tí ẹlòmíràn ní kíláàsì ò ní. Lọ́jọ́ Àjíǹde, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja díndín, ó sọ fún Nánà pé òun fẹ́ fi ṣe ijó ìdánwò òun. Nánà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ìgbà tí adènà ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa? Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá rí i ni. Tí wọ́n bá ti ń wò ọ́ pẹ́nrẹ́n, o ti bà á jẹ́. Ìwọ wá fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn tó jókòó láti wò ọ́?"

"Nánà, mi ò fẹ́ fi ṣẹ̀sín."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n Keziah ti dá ijó náà tán nígbà yẹn, kò sì ní òmíràn. Ó mú ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kò tọrọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: ó jí i ni.

Ní aago méjì ku díẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán jó. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ijó ṣe ń rán ara rẹ̀ létí: ìka á fò dípò ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á yí dípò ara, ẹnu á máa ka ení títí dé ẹ̀jọ. Keziah náà ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Olùdánwò mẹ́ta jókòó nídìí tábìlì gígùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Halloran ni àgbà wọn, obìnrin kan tó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí bíi fìlà. Lẹ́yìn wọn, àga wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wòran, kó ṣáà ti dákẹ́.

"O mọ òfin," ni Halloran wí. "O lè dá a dúró kó o tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti parí. Orin ńkọ́?"

"Kò sí orin, mà."

Halloran kọ nǹkan sílẹ̀. Keziah wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó rìn bí adènà, gírígírí, ó mú ẹni tí a kò rí lọ sí ìjókòó, ó padà. Ó gbé ẹnì kan tó dákú mọ́ra, ìwúwo onítọ̀hún sì tẹ̀ ẹ́ dé orúnkún. Ó ń lọ dáadáa. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.

Nánà wọlé pẹ̀lú àkẹtẹ̀ búlúù àti báàgì lápá. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ, ó tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Gbogbo ohun tó wà nínú orí Keziah fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn," ni Halloran wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó mú ẹni tí a kò rí jókòó. Ó gbé ẹni tó dákú. Ó dìde, ó dé ibi tó ti yẹ kó yà, kò sì mọ ibi tí òun máa yà sí. Ó dúró. Ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ. Ó tún kà á. Kò sí nǹkan kan. Kò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́. Halloran gbé kálàmù.

Ọwọ́ ọ̀tún Keziah bá gòkè fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì sì lé àyà. Kò sí nínú ijó náà. Àmì tó ti kọ́ láti ọmọ ọdún méje ni: ẹ wá gba ipò mi.

Àga dún lẹ́yìn. Nánà ti dìde. Báàgì wà lápá rẹ̀, ó ń bọ̀ láàárín yàrá, gírígírí, ẹ̀yìn rẹ̀ nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Halloran wí, "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ—"

Nánà ò wo ibi tó wà. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ọwọ́ kan náà tó ti ń dá àwọn tó bá pẹ́ dé dúró ní Mount Pisgah láti ọdún mọ́kànlélógójì, àti díákónì àti ọlọ́lá. Halloran pa ẹnu mọ́. Ó dá mi lójú pé òun gan-an ò mọ ìdí tí òun fi dákẹ́.

Nánà dé ibi tí Keziah wà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ipò ti yí padà. Adènà tí wọ́n bá gba ipò rẹ̀ kì í lọ jókòó; ipò tó kàn ló ń lọ. Ẹsẹ̀ Keziah mọ èyí kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó yà sí òsì, ijó sì padà wá bá a, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó jó o yí Nánà ká, ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ ń dùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nu ún. Nánà ò mira títí ó fi parí.

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Halloran sún awò rẹ̀ sójú.

"Ìbéèrè kan, Keziah. Ọwọ́ tó o gbé sókè tí màmá fi jáde wá, ṣé ara ijó ẹ ni?"

Ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ ti ń mi orí. "Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ijó yẹn ti dára jù," ó ní. "O ti ṣètò ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo, ó ti wọlé. Nánà ń wo ilẹ̀.

"Rárá, sà," ni Keziah wí. "Mo gbàgbé ni. Mi ò mọ ibi tó kàn mọ́, mo bá pè fún ẹni tó máa gba ipò mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi orí kan orí. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọkùnrin yẹn ń ju apá. Nígbà tó yá, Halloran ti ìwé kan sún sétí tábìlì.

"Mo rí ojú ẹ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní o purọ́ fún mi ni, ibí ni ẹ̀kọ́ ijó ẹ ì bá parí sí. Wá wo fọ́ọ̀mù yìí. Níbi tí wọ́n ti ní kó o kọ ẹni tó dá ijó, orúkọ ẹ nìkan ló wà ńbẹ̀. Kọ ti màmá kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ọdún kẹta ló ń lọ, mi ò fẹ́ àṣìṣe nínú ẹ̀."

"Ọdún kẹta, mà?"

"Ṣé etí náà ti gbàgbé ni?"

Keziah mú kálàmù.

"Odessa," ni Nánà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ́ẹ̀sì méjì ló wà nínú ẹ̀."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Keziah bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Nánà yí i síwá sẹ́yìn. Ìdọ̀tí ilẹ̀ ti sọ orí ìka rẹ̀ di dúdú.

"Wo bó o ṣe sọ ọ́ dà. Ọwọ́ lo máa fi fọ̀ ọ́, má gbé e sínú ẹ̀rọ. Kó o mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Ilẹ̀kùn àárín lo máa dúró sí."

"Ẹ ṣì ń bínú sí mi, Nánà?"

"Gidigidi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi dìde?"

Nánà ṣí báàgì, ó wá inú rẹ̀ títí, ó yọ súìtì mínńtì kan, ó bó o, ó fi lé e lọ́wọ́.

"O gbé ọwọ́ sókè," ó ní. "Ta ló máa rí ọwọ́ yẹn táá jókòó?"