Ògì Bọ́sẹ̀dé

7.

…títí Dúpẹ́olúwa fi gba iná ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ tán, Bọ́sẹ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń da oògùn tí dókítà kà léèwọ̀ sínú ògì rẹ̀ láìsọ fún un.

1.

Ohun tó wà lára ike oògùn náà:

KÌ Í JẸ́ KÍ ARA DÍPẸTÀ. Ó WÀ FÚN ÀÌSÀN GBOGBO.

Orúkọ rẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Òkúkù ni Bọ́sẹ̀dé ti rà á, lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

2.

Ní ọsibítù:

DÓKÍTÀ: Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni, mà. Iná ìtànṣán yìí máa mú kó dípẹtà láti inú, bí irin tí òjò ń pa, títí á fi kú.

DÚPẸ́OLÚWA: Ara tèmi ńkọ́, sà?

DÓKÍTÀ: Á kàn án díẹ̀. Ẹ má lo oògùn tó ń dènà ìpẹtà o. Ó lè gba jẹjẹrẹ náà sílẹ̀.

BỌ́SẸ̀DÉ: Oògùn tó ń ṣe ara lóore?

DÓKÍTÀ: Oògùn ò mọ ẹni tó ń gbà sílẹ̀, mà.

3.

Lórí fóònù, láti Inísà sí Ìkìrun:

— Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ ń ta mí. Mi ò lè jókòó.

— Jẹ́ n mú oògùn Òkúkù wá.

— Dókítà ní rárá.

— Ṣé dókítà ló pọ̀n ẹ́ dàgbà?

— Ẹ̀yin ni. Ẹ sì já mi sílẹ̀ lọ́nà Ìbà.

— Ìdí ẹ ló wúwo.

4.

Ògì ò kọ nǹkan kan.

5.

Ìrora náà dẹrùn. Dúpẹ́olúwa jókòó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún gbogbo Inísà pé ògì ẹ̀gbọ́n òun ló gbé òun ró.

Bọ́sẹ̀dé gbọ́. Inú rẹ̀ dùn.

6.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò:

DÓKÍTÀ: Kò kú tán, mà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ lo nǹkan kan?

DÚPẸ́OLÚWA: Rárá o, sà. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi.

(Wọ́n bi í.)

Ìkeje ti ṣáájú lókè. Bọ́sẹ̀dé ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

8.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ṣé oògùn náà ló fà á?

DÓKÍTÀ: Mi ò mọ̀. Nígbà míì, iná nìkan kì í tó. Mi ò lè ní òun ni. Mi ò lè ní òun kọ́.

(Dúpẹ́olúwa dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.)

9.

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, láti Ìkìrun sí Inísà:

— Mo gbé ògì sẹ́nu ọ̀nà ẹ. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra.

(Ó ti kà á.)

10.

Ògì náà kan síbẹ̀.

Dúpẹ́olúwa ń ro tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, ọwọ́ kan lórí omorogùn, ọwọ́ kejì lára ògiri kó má baà ṣubú.

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé ló ti ń jẹun láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.