Ọ̀pẹ Tó Yẹ Kó Sinmi

Ọgbọ̀n ọ̀pẹ ni bàbá Ìbíkúnlé fi sílẹ̀ fún un l'Ààyè-Èkìtì, pẹ̀lú òfin kan: mẹ́wàá ni kó máa dá lẹ́mu lọ́dún, kí ogún yòókù sinmi. Ó lé lógún ọdún tí Ìbíkúnlé fi pa òfin náà mọ́. Adẹ́mu tó mọṣẹ́ ni, kì í bomi lu ẹmu. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn ún, nítorí orí ló fi ń ru kẹ́ẹ̀gì láti oko dé títì.

Lọ́dún 2003, Ọláìtán tó ń ta ẹmu ní Ìdó gbé ọ̀kadà tuntun wá bá a. Ó ní yóò di tirẹ̀ bó bá lè máa gbé ẹmu ìlọ́po mẹ́ta wá fún odidi ọdún kan. Ìbíkúnlé ṣàlàyé òfin bàbá rẹ̀ fún un. Ọláìtán rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, òwò tí kò bá ti ń dàgbà, kíkú ló ń kú lọ."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni yóò rí ọ̀kadà tuntun tí yóò ní kí wọ́n gbé e padà? Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló béèrè pé ìgbà wo wá ni àwọn ọ̀pẹ yóò sinmi. Ìbíkúnlé ní kó má pe ibi sí ulé òun. Gbogbo ọgbọ̀n ọ̀pẹ ló ń gùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ọ̀kadà ló ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á máa tẹ họ́ọ̀nù nígbà tí kò sẹ́nì kankan lọ́nà.

Ní oṣù keje tó gba ọ̀kadà, ó dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó ti ń fi ariwo da òun láàmú láti kékeré ti gbẹ́nu dákẹ́. Àfi ìgbà tó gbójú sókè. Mọ̀rìwò ọ̀pẹ márùn-ún ti rọ, ìtẹ́ ẹyẹ wà nílẹ̀ káàkiri. Ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ ti ń dá lẹ́mu kí wọ́n tó bí i kò lórí mọ́. Ojú tì í níwájú igi.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé ọ̀kadà lọ sí Ìdó, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Ọláìtán lọ́wọ́. Ìyẹn ní kó ṣe sùúrù, ó ku oṣù márùn-ún péré kó di tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ní òwò tí kò bá dàgbà á kú. Tiwa dàgbà, ọ̀pẹ ló kú. Mẹ́jọ péré nínú mẹ́rìnlélógún tó kù ni mo lè máa dá báyìí."

Ọláìtán ní òun á wá adẹ́mu mìíràn. Táksí ni Ìbíkúnlé wọ̀ padà sílé. Àwọn ará Ààyè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ohun tó ń tán lọdún eégún. Ìbíkúnlé gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ó tún ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kó tó tún gbọ́ ariwo yẹn. Àwọn ẹ̀gà ti dé, wọ́n ń fa imọ̀ ya láti kọ́ ìtẹ́ lórí méjì nínú àwọn ọ̀pẹ tó ń sinmi. Ìbíkúnlé, tó máa ń sọ òkò lù wọ́n tẹ́lẹ̀, sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ wọn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn ti ga kó tó dé títì.