Àkàbà Kejì

“Daddy, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú àmúmọ́ra ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Bọ̀dá Mìkáílù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.”

Ṣàmsúdéènì wà nínú kọ̀ntéínà, ó ń fi okùn so àkàbà mọ́ ara irin. Ó gbọ́ ẹ kú iṣẹ́, ó sì dáhùn. Èyí tó tẹ̀lé e ni kò yé e. Ó yọ orí síta. Saadat ni, ọmọ ilé tó kángun sí tiwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Woolwich ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbé ike gaàrí tí ìyá rẹ̀ fi rán an dání.

“Ẹsẹ̀ Mìkáílù wo?”

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn. Jimoh, ọ̀rẹ́ Ṣàmsúdéènì, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí sí i. Saadat rí i, ó sì di ẹnu mú, ṣùgbọ́n kí ló kù? Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

“Saadat, má wo Jimoh. Èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe àbúrò mi?”

Saadat kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì ọkọ̀ yó. “Ẹ má bínú, Daddy. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ ni. Wọ́n lọ pa iná ní ilé ìlàgẹdú, àkàbà ṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ yẹn bàjẹ́ gan-an. Wọ́n ní láti gé e, Daddy, nísàlẹ̀ orúnkún.”

“Nígbà wo?”

“Nínú oṣù karùn-ún.”

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wà yẹn, lọ́dún 2016. Ṣàmsúdéènì bojú wẹ̀yìn wo inú kọ̀ntéínà. Àkàbà tí ọmọ yìí ń sọ, òun ló fi ránṣẹ́. Èyí tó ń fi okùn so lọ́wọ́ yìí sì ni ìkejì rẹ̀.

Ara ọkọ̀ panápaná kan ni àkàbà méjèèjì ti wá. Àwọn ará abúlé kan lẹ́yìn odi London ló ni ín, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa pa iná láìgba owó oṣù. Ọkọ̀ náà yọ̀ lórí yìnyín, ó dojú dé, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n wọ́ ọ wá sí ọgbà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ ní Thamesmead. Níbẹ̀ ni Ṣàmsúdéènì ti ń ṣe mẹkáníìkì láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá ọgbà ní kó máa mú ohun tó bá wù ú nínú rẹ̀. Orí Mìkáílù ló kọ́kọ́ rò, nítorí Mìkáílù ni olórí àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá tó ń pa iná fún ìlú wọn, tó jẹ́ garawa omi àti iyanrìn nìkan ni wọ́n ní. Ó tú ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó fọ rọ́bà ìfọ́nmi, ó lẹ bàtà tó ya. Ó to akoto, iná ọwọ́ àti àkàbà kan sínú ẹrù àkọ́kọ́. Àkàbà kejì ló ṣẹ́ kù. Ó tún un ṣe, ó kùn ún ní pupa fòò.

“Jimoh, o mọ̀?”

“Ṣàmsú, jẹ́ ká jókòó ná.”

“Mi ò bi ẹ́ ní ìjókòó. Ṣé o mọ̀?”

Jimoh ti ń bá a ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé yàrá kan ní Plumstead. Òun ló ń kó ẹrù àwọn ará Ìjẹ̀bú jọ sínú kọ̀ntéínà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún dé e padà. “Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.”

“Gbogbo yín! Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ńkọ́?”

“Àwọn náà.”

“Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí mò ń kun àkàbà yìí, ta ló di òdìkejì ẹ̀ mú?”

Jimoh tún bọ́ fìlà rẹ̀.

“Ìwọ ni, Jimoh! O dì í mú, o ń dá mi lápàárá pé ọ̀dà mi tàn ju ti ọkọ̀ ọba lọ. Mo rẹ́rìn-ín. O sì mọ̀ pé irú ẹ̀ ló gba ẹsẹ̀ àbúrò mi!”

“Nítorí BP ẹ ni. Ìyàwó ẹ, Ìyá Tawfiq, ló bẹ gbogbo wa. Mo sì ti sọ fún àwọn tó máa gba ẹrù l’Ékòó pé kí wọ́n gbé àkàbà yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

“Tí wọ́n bá gbàgbé ńkọ́? Tí ọmọ ọlọ́mọ bá gùn ún ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mìkáílù jìn sí kòtò, ẹ wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀, ẹ tún ń bá mi ti ẹlòmíì lọ síbẹ̀. Ṣé ọ̀rẹ́ nìyẹn?”

Kò pẹ́ tí Kafilat ìyàwó rẹ̀ fi dé, tòun ti aṣọ iṣẹ́ ọsibítù lára. Jimoh ti tẹ̀ ẹ́ láago. Nínú báàgì rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà. Àràárọ̀ ló ń wé e mọ́ ọkọ rẹ̀ lápá, tí á kọjú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tí á ka iye rẹ̀ sókè, tí á sì ní ó dáa.

“Bàbá Tawfiq, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n wọn BP yín ná.”

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Lánàá òde yìí, o ní Mìkáílù kí mi.”

“Wọ́n kí yín lóòótọ́.”

“O ní fóònù ẹ̀ já sómi. O ní ó wà nínú igbó tí wọ́n ti ń gé gẹdú, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ lò ń bá a kí mi. Oṣù mẹ́rin, Kafilat!”

Omi bọ́ lójú Kafilat. “Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Ẹ wò ó, ẹ̀yin kọ́ lẹ rí ara yín lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo bá yín nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, tí ẹnu yín ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ lè má dìde mọ́. Kí n wá sọ fún yín pé àkàbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ló sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara? Mi ò lè sọ ọ́.”

“Mẹkáníìkì ni mí, Kafilat. Ohun tí mo bá tún ṣe, tó bá bàjẹ́, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Pe nọ́ńbà tó ń lò.”

Ó pè é. Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e, Ṣàmsúdéènì sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mìkáílù, èmi ni.”

“Bọ̀dá Ṣàmsú. Ẹ ti wá rántí mi.”

“Òní ni mo gbọ́. Wákàtí yìí ni mo gbọ́, Mìkáílù.”

“Òní kẹ̀? Ìyàwó yín ní ẹ ti gbọ́ láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wúwo fún yín láti sọ, pé kí n ní sùúrù. Bọ̀dá mi, lọ́jọ́ tí mo jí lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo wo ìsàlẹ̀, ìpè yín ni mo kọ́kọ́ ń retí. Ìgbà tí mo retí títí, mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀gbọ́n mi ń sá fún mi nítorí pé àkàbà ẹ̀ ni.”

Ṣàmsúdéènì jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan. Ẹkún tó sun níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan. Àbúrò tó pọ̀n dàgbà ti ka òun sí ọ̀dàlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, òun sì ń kun àkàbà, òun ń kọrin.

“N ò gbọ́, àbúrò mi. Wallahi, n ò gbọ́.”

“Mo gbà yín gbọ́.” Ohùn Mìkáílù ti rọ̀. “Ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé àkàbà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ yẹn ní?”

“Méjì ni. Èyí tó kù wà níwájú mi.”

“Ẹ wo ìtẹ̀sẹ̀ kẹta láti òkè, lápá òsì, níbi tó ti wọ ara òpó. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ́. Mo bẹ ìyàwó yín pé kí wọ́n sọ fún yín.”

Ṣàmsúdéènì tú okùn, ó gbé àkàbà síta sójú oòrùn, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó rí i. Ìlà tín-ín-rín kan bí irun orí. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, orí àwọn àkàbà ló fi lélẹ̀. Òun ti gbé wọn kọ́, òun ti so ẹ̀rọ ọkọ̀ mọ́ wọn láti dán wọn wò, wọn ò sì yẹ̀, òun bá kun ọ̀dà lé wọn. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kò ní dì í ru ẹnikẹ́ni.

“Ó wà níbẹ̀, Mìkáílù. Màá pè ẹ́ padà lálẹ́ òní, àti lọ́la.”

Ó mú ayùn irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àkàbà náà. Jimoh sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí òdìkejì.

“Fi sílẹ̀.”

“Ṣàmsú, jẹ́ n bá ẹ dì í mú.”

“Mo ní kó o fi sílẹ̀, Jimoh.”

Ó gé e sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ jáde, rọ́bà, bàtà, iná ọwọ́, tó fi dórí akoto tó gbẹ̀yìn, kó lè tún wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Jimoh rán an létí pé kọ̀ntéínà ń lọ ní Mọ́ńdè. Ṣàmsúdéènì ní kí kọ̀ntéínà máa lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ilé wọn ní South Thamesmead, Kafilat gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì bí ìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó rò pé ọkọ òun ò ní gbà. Ṣùgbọ́n Ṣàmsúdéènì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́, Kafilat sì wé e mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Ṣàmsúdéènì mú awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Bàbá Tawfiq, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín.”

“Rárá,” ni ó wí. “Màá kà á fúnra mi.”