Táìsì Dídán Inú Balùwẹ̀ Màmá

Ẹ̀yin olùfẹ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún jẹ́ kí a rí ara wa. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé kan.

Inú ń bí aránṣọ kan, ọmọ ìdílé náà, gidigidi. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ táìsì tó ń dán gbinrin, níbi tí màmá ti yọ̀ ṣubú, tí ọwọ́ wọn fi kán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ọsibítù dé, inú balùwẹ̀ yìí náà ni wọ́n sì ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí wọn, ló to táìsì náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Irú èyí tí àwọn olówó ń tò sí pálọ̀ ló kó wá, ó ní ìyá òun kò ní tẹ ohun yẹpẹrẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹbí yìn ín. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ní kó de irin tí màmá lè dì mú mọ́ ògiri, ẹ̀rín ló fi í rín: "Kí n wá lu iṣẹ́ ọwọ́ mi ní ihò?"

Ìyá wo ni yóò lanu sọ pé ẹ̀bùn ọmọ òun ń ba òun lẹ́rù? Màmá tilẹ̀ tẹ́ ògbólógbòó ìró sílẹ̀ kí garawa má baà ha táìsì náà. Ìró ọ̀hún ló sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ìró ni kó o lọ bá jà," ni ẹ̀gbọ́n, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, wí. "Ta ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá mi! Màmá ń ṣọ́ táìsì yín. Ta ló ń ṣọ́ wọn?"

"Ìwọ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, o fẹ́ kọ́ mi ní táìsì?"

"Bí mo bá rán ẹ̀wù tó fún oníbàárà lọ́rùn, mo máa ń tú u ni. Ẹ tú tiyín!"

"Màá wá ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún wọn."

"Màmá ti sọ fún mi ní ọsibítù pé ẹnikẹ́ni kò ní wẹ̀ fún àwọn láyé. Ọwọ́ wọn ti kán, ẹ tún fẹ́ gba iyì wọn!"

Ẹ̀gbọ́n yínmú. Aránṣọ bá po ọṣẹ mọ́ omi, ó dà á sílẹ̀ yàà. "Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ rìn dé ìdí ògiri yẹn, kí ẹ padà wá."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Ó fi ìbínú bọ́ bàtà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì yọ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ògiri náà ń yọ̀. Bí kì í bá ṣe èjìká àbúrò rẹ̀ tó gbá mú, orí ni ì bá fi sọlẹ̀.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bí màmá ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyí?"

"Láràárọ̀, Bọ̀dá mi."

Kò tọrọ àforíjì. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń bú ìró, ó ń bú garawa, ó ń bú ẹni tó ṣe ọṣẹ. Táìsì tó rí hágahàga, tí ẹsẹ̀ lè dì mú, ló fi rọ́pò rẹ̀. Ó lu ògiri, ó de irin mọ́ ọn, ó sì rọ̀ mọ́ irin náà tòun ti gbogbo ara rẹ̀ láti dán an wò.

Nígbà tí màmá dé, wọ́n wo ilẹ̀ títí. "Èyí tó ń dán ńkọ́?"

"Mo ti fọ́ ọ, Màámi."

"O ṣeun. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí tipẹ́."

Ìbínú aránṣọ bá yí sọ́dọ̀ màmá. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ojú màmá le koko. "Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Màmá fi ọwọ́ tí kò kán di irin mú, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ dúró síta bí ọlọ́pàá, wọ́n ń tẹ́tí sí omi.

"Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!" ni màmá pariwo látinú balùwẹ̀. "Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ìró omi rí ni?"

Inú ṣì ń bí aránṣọ bó ṣe ń fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá kúrò níbẹ̀.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Olúwa fi àwọn àgbà rẹ sílẹ̀ fún ọ pẹ́ títí. Kí Ó fún ọ ní ẹnu tí yóò bi wọ́n léèrè, àti etí tí yóò gbọ́ èsì wọn. Àlàáfíà ni fún ilé rẹ. Àmín.