Gbòǹgbò Òdòdó Ọ̀dàn

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kí n wá fi tọ́jú ọmọ tuntun ní Port Harcourt. Ìmọ́lẹ̀, ọmọ tuntun ọ̀hún, ti ń sáré kiri ilé báyìí, ọdún kẹta rè é, èmi sì wà ní Rumuigbo síbẹ̀. Ilé ti sú mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo fẹ́ máa lọ. Bí ìyá ọkọ bá ṣàdédé di ẹrù rẹ̀, gbogbo Ṣakí, ìlú wa, ni yóò sọ pé ìyàwó ló lé e, Fèyí ìyàwó ọmọ mi ò sì ṣẹ̀ mí. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Rumuola, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí yóò ti jáde.

Nígbà tí mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi nílé, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún mi. Mo wú gbòǹgbò òdòdó kan bọ̀, èyí aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń yọ nínú ọ̀dàn lẹ́yìn tí iná bá jó koríko tán. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á, omi ló ń pa á. Mo gbìn ín sínú yanrìn lẹ́yìnkùlé, mo sì fi páànù ṣe ìbòrí fún un, torí òjò ìlú yìí ò mọ ìgbà.

Láńre ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Màmá, ọjọ́ tí òdòdó yín bá yọ ní Port Harcourt, èmi fúnra mi ni máa fi mọ́tò gbé yín dé Ṣakí.”

“O ti sọ ọ́ o,” ni mo wí. Bí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé, ta ni yóò bú ìyàwó?

Ní oṣù Kejìlá, irúdi kan yọrí. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo bá Fèyí nídìí òdòdó náà. Ó ti ṣí páànù, ó ń da omi sí i. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà.

“Ẹ má bínú, mà. Ta ni mo fẹ́ fi Ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún?”

Inú bí mi gan-an. Mo fa gbòǹgbò náà jáde, ó ti rà, ó ń rùn.

Láńre jáde síta. “Màmá, kí ló pa á?”

Mo wo Fèyí. Bí mo bá sọ ọ́, ilé tú nìyẹn.

“Òjò ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ.”

Lọ́sàn-án, ẹja mẹ́ta ni Fèyí fi sínú ọbẹ̀ mi. Ìmọ́lẹ̀ jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi.

“Grandma, you no dey go again?”

“No,” ni mo dá a lóhùn. “I no dey go.”