Odò Nínú Pálọ̀

Ọdún méjìdínlógójì ni bàbá náà fi tu ọkọ̀ láti èbúté kan sí èkejì, lórí odò kan ṣoṣo. Odò náà kò fẹ̀ púpọ̀, ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n fi ń kọjá, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà yàrá ara rẹ̀. Ó mọ ibi tí yanrìn máa ń pọ̀ sí lẹ́yìn òjò, ó mọ òkúta tó máa ń fara pamọ́ nígbà tí omi bá kún. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló yọ̀ ṣubú lórí pákó èbúté, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Àwọn dókítà tò ó, ó jinná. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sẹ́ni tí yóò máa dúró tì í nílé ẹ̀bá odò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, lókè kẹta nínú ilé kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri ilé ẹlòmíràn.

Eyín àtọwọ́dá ni ọmọ náà ń ṣe. Àwọn dókítà eyín á fi àpẹẹrẹ ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí i, òun náà á jókòó ti ẹ̀mú àti ayùn wẹ́wẹ́ títí eyín tuntun yóò fi bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Kògbà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé bí eyín kan bá fi ìwọ̀n irun orí kan ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní gbà kó jáde.

Oṣù mẹ́rin ni bàbá fi jókòó sórí àga kan náà. Kò ráhùn. Wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ díẹ̀, á ní ó ti tó. Nọ́ọ̀sì tó ń wá kọ́ ọ ní ìrìn sọ fún Kògbà pé egungun ti san, ẹsẹ̀ ló ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá sì rìn láìpẹ́, yóò gbàgbé pátápátá. Kògbà bẹ bàbá, ó ra bàtà tuntun fún un, ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ títí sùúrù náà fi fẹ́ tán. Ògiri ni bàbá ń wò.

Lọ́jọ́ kan, Kògbà gbé eyín lọ fún dókítà kan, ó sì rí táńkì ẹja kan nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Òkúta pupa àti ilé kékeré oníke ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́ta péré. Síbẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ń fọn fèrè ti gbàgbé ìrora rẹ̀, ẹja ló ń wò. Kògbà dúró, ó wo ọkùnrin náà. Kó tó délé ló ti pinnu. Kò ní kó ike sínú tirẹ̀. Odò ni yóò gbé wá sí pálọ̀, tòun ti yanrìn rẹ̀, igi rẹ̀ àti koríko rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, mú bébà, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Omi lítà igba, kílò igba nìyẹn, láì tíì ka gíláàsì àti òkúta. Ó ní bí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì ìjẹun, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò jẹ ẹja náà. Kògbà ní kó lọ bá òun wá káfíńtà. Káfíńtà kan tábìlì onípákó nínípọn, ó gun orí rẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ohun tó bá gbé òun, omi kò lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n gbé e ti ògiri tó lágbára jù nínú ilé, èyí tí bàbá ń wò gan-an, wọ́n sì gbé táńkì gíláàsì tí Kògbà rà lé e lórí.

Ìgbà mọ́kànlá ni Kògbà fọ yanrìn nínú báàfù kí omi rẹ̀ tó mọ́. Ó kó òkúta wá láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó mú ásíìdì díẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́, ó sì kán an sórí wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá hó, ó sọ ọ́ nù, torí irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi. Ó se igi odò nínú ìkòkò ńlá fún ọjọ́ méjì kó lè rì, kó má sì sọ omi di pupa. Ẹ̀mú tó fi ń to eyín ló fi gbin koríko ní ìdì ìdì. Ó to gbogbo rẹ̀ kí ọ̀tún bá òsì mu, òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, igi láàárín. Ó pọn omi sí i, ó sì ti iná bọ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ó dára lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ló ra ẹja méjìlá sínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, omi ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, àwọn ẹja sì ń la ẹnu lójú omi. Méje kú láàárín ọjọ́ méjì. Bàbá rí i bó ṣe ń kó wọn jáde.

Ó ní, "Gbé e kúrò, ọmọ mi. Odò kì í gbénú ilé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kògbà lákínyẹmí ara. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó kó ẹja márùn-ún tó kù sínú ike, ó sì gbé wọn padà lọ bá obìnrin tó tà wọ́n fún un. Ìyá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Ó gba ẹja, ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì ṣàlàyé. Ohun tí ẹja bá yà máa ń di májèlé nínú omi. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan tí ojú kò rí, tí wọ́n ń gbé ara yanrìn àti òkúta, ló ń jẹ májèlé náà. Wọ́n kì í tètè pọ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìyá Olómi ní, "Omi tó o pọn sí i mọ́. Àmọ́ kò tíì gbó. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó gé kànrìnkàn àtijọ́ díẹ̀ fún un láti inú ẹ̀rọ tirẹ̀, pé àwọn ẹ̀dá náà ti wà lára rẹ̀, kó lọ fi ṣe irúgbìn, kó sì máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sómi kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ó sì fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi, tí àwọ̀ rẹ̀ á sọ bóyá májèlé ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí Kògbà tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, á bu omi díẹ̀, á kán oògùn sí i, á kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bá ti ti iléèwé dé, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹja ni àbí àkàn?" Kògbà á ní omi ni. Ará ìsàlẹ̀ gòkè wá wo ẹja, kò rí ọ̀kankan, ó sì rọra béèrè bóyá ojú ń tì wọ́n ni. Kògbà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò yẹsẹ̀. Koríko ta ewé tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣàkíyèsí pé bàbá ti fa àga rẹ̀ síwájú díẹ̀ sí apá ibi tí táńkì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàbá sọ̀rọ̀. Ó béèrè ẹni tó to òkúta yẹn.

Kògbà ní, "Èmi ni, Baba."

"Odò kì í to òkúta bí eyín."

Inú bí Kògbà. Àwọ̀ oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára ni, bí ó bá sì tú ilẹ̀ táńkì ká, gbogbo rẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé èyí fún bàbá. Bàbá ní kó sọ ibi tí omi yóò gbà kọjá láàárín òkúta mẹ́rin tó dúró bí ọlọ́pàá. Kògbà wò ó títí. Òun tí kì í gbà kí eyín kan ga ju èkejì lọ, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó dín omi kù, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bàbá ń darí rẹ̀ látorí àga. Ó ní kó sún òkúta kan síwájú, ó sún un. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ó ti tẹ̀ ẹ́ jù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, orí kunkun àti orí kunkun. Níkẹyìn, Kògbà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Baba, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí. Ẹ wá fi hàn mí."

Kò lọ gbé e dìde. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó tutù sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú kó má bàa na wọ́n sí i. Bàbá wò ó, ó wo táńkì. Ó fa ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì ti apá àga, ó dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ní ìkarùn-ún, ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Kògbà kò mira. Nígbà tí bàbá dé ibẹ̀, ó gbé ọ̀pá ti tábìlì káfíńtà, ó di etí gíláàsì mú, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó kó òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí apá kan, èyí tó tóbi jù níwájú, níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń tú jáde, àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tó tẹ̀lé ìyá. Ó fi igi náà lélẹ̀ ní ìdábùú, pé odò ló gbé e wá, kì í ṣe ènìyàn. Ó ní iwájú òkúta ni omi ti ń gbá yanrìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń kó o jọ, ibẹ̀ náà sì ni koríko ti ń rí ìsinmi dàgbà. Apá kejì, ó fi í sílẹ̀ lófìfo, yanrìn lásán. Kògbà fi ẹ̀mú tún koríko gbìn síbi tó tọ́ka sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ó bá àwọn méjèèjì lórí ìdúró, apá aṣọ wọn tutù, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ àkàn lọ́jọ́ náà.

Omi dàrú fún ọjọ́ mẹ́ta, oògùn sì fi hàn pé wọ́n padà sẹ́yìn lóòótọ́. Dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró. Ó tó àsìkò ẹja, bàbá ní òun fẹ́ irú kan tó máa ń fò nínú odò òun. Ìyá Olómi ní yóò gùn tó apá ènìyàn kó tó pé ọdún méjì, òun kò ní tà á fún ẹni tí táńkì rẹ̀ kò tó. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ló tà fún Kògbà, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún mẹ́fà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kògbà tó ra àrọ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin tí ń fi irùngbọ̀n tú ilẹ̀ yanrìn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kú nínú gbogbo wọn.

Nígbà tí Kògbà kọ́kọ́ tú mẹ́fà náà sílẹ̀, wọ́n kó sí ẹ̀yìn igi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọn kò sì kúrò lójú kan.

Kògbà béèrè bóyá ó jọ odò wọn.

Bàbá ní, "Kò jọ ọ́." Ó tún wò ó. "Àmọ́ àwọn yìí mọ̀ pé omi ń lọ."

Láti ìgbà náà, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fún ẹja lóúnjẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ní lílọ, mẹ́sàn-án ní bíbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì tún sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń gbàgbé iṣẹ́ mọ́. Ìrora ìbàdí kò tán. Ọjọ́ òjò, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń lè dìde. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí ẹja dé, ó ní koríko tí Kògbà rà kẹ́yìn kò dára, òun yóò lọ yàn án fúnra òun. Àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta ni, ọkọ Kògbà ló kà á. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá jókòó sórí àpótí kan, ó tẹ́wọ́ gba koríko, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó dá a padà, ó ní ó ti jẹrà. Ìyá Olómi ní kò jẹrà. Bàbá ní òun gbé lórí omi fún ọdún méjìdínlógójì. Ìyá Olómi ní òun náà kò gbé lórí igi. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn, wọn kò rántí pé Kògbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike òfìfo lọ́wọ́. Ó dojú ike náà délẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì dúró dè wọ́n.