Ojú Tí Wọ́n Yọ Lára Ọkọ̀ Adébùkọ́lá

Bí a bá ń fẹnu kọ́lé ni, Tìjání panẹ́ẹ̀bítà ìbá ti nílé mẹ́fà ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kì í sábà ṣì í sọ.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Adébùkọ́lá, lọ́yà kan ní Oníru, gbé ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá. Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé. Ó ní kí Tìjání yọ iwájú rẹ̀, kó fi ti ọdún tuntun sí i bí gbogbo Èkó ṣe ń ṣe, kí ará àdúgbò má baà mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lára rẹ̀. Tìjání bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọkọ̀ tí à ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ṣì ń bọ̀ wá wá a. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ onírin ayé àtijọ́ nìkan ló ṣeé tọ́jú. Èyí tó kún fún ike àti kọ̀ǹpútà, bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, ó parí. Tìjání ní kọ̀ǹpútà kò ti ọ̀run wá, ọmọ aráyé ló ṣe é, ọmọ aráyé náà ni yóò tún un ṣe. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìjàpá, fọ́kísì àtijọ́ yẹn, yangàn lónìí ńkọ́, ṣé aráyé ò fi í ṣẹ̀sín rí ni?

Kí ló kù? Oníbàárà lọba. Ó ṣe é.

Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ohun tí èèyàn bá yọ lára ọkọ̀ ti di tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa ta tiwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Tìjání gbé bọ́ńpà àti iná méjèèjì lọ sí yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé ní Adó, ó kan ìṣó, ó gbé wọn kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì. Inú bí Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ò tìtorí bọ́ńpà wọlé ọkọ, bí ọdún Iléyá bá sì bá a níbẹ̀, òun á tà á fáwọn tó ń ra àlòkù.

Iléyá kọjá, ọjọ́ kẹta ni lọ́yà dé ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Ó ń kó lọ sí Kánádà. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà ló fẹ́ tú u tà wẹ́wẹ́, àfi Ọlálérè tó ń kó irú wọn jọ. Òun náà wò ó tán, ó ní òun ò ní rà á àfi bí wọ́n bá dá ojú àkọ́kọ́ padà.

 Lọ́yà àti Tìjání jọ lọ sí Adó. Ìṣó méjì péré ló kù lára ògiri. Tìjání ẹlẹ́nu bí agogo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Sìdíkàt bá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, kànìnkànìn lọ́wọ́, bọ́ńpà lábẹ́ apá, iná méjèèjì nínú garawa.

“Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń fọ̀ ọ́,” ó ní. “Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́?”

Ó ní kí wọ́n rọra gbé e, ó ṣì tutù.